Àwòṣe kọ̀ǹpútà fún oríkèé igi onísikúrúù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn oníṣẹ́ igi àti ẹnjiníà wa ní Àbújá

Àwọn káfíńtà wa ní Kugbo àti Dei-Dei, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Minna àti Zaria, àti àwọn onílé tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Kubwa àti Lugbe ló ń bi mí ní ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn ní Yorùbá, torí èdè tí a fi ń jiyàn nídìí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo lọ, kó mú èyí: kọ̀ǹpútà ò rí igi tó wà lọ́wọ́ yín rí. Ohun tí ẹ bá sọ fún un nípa igi àti sikúrúù yín ló máa fi ṣe ìṣirò, kò sí ibòmíràn tó ti lè mọ̀ ọ́n.

Kí ni àwòṣe kọ̀ǹpútà oríkèé igi gan-an?

Ìṣirò ni. Ẹ máa ya oríkèé náà, ìyẹn ibi tí a ti fi sikúrúù so igi méjì pọ̀, sínú kọ̀ǹpútà, ẹ máa sọ fún un bí igi ṣe le tó àti irú irin tí wọ́n fi ṣe sikúrúù, lẹ́yìn náà ẹ máa gbé ẹrù lé e díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gé gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké, á ṣírò bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì, á sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ẹnjiníà ń pe ọ̀nà yìí ní finite element. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni ìlà kan tó ń fi hàn bí igi méjèèjì ṣe ń sún lára ara wọn bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i, títí dé ibi tí nǹkan á ti já. Àwòrán aláràbarà náà dùn ún wò, àmọ́ ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé àwòṣe wá bá yín.

Ẹnjiníà, ó ti pẹ́ tí àwa ti ń kan òrùlé láìlo kọ̀ǹpútà, òrùlé wa ò sì wó. Kí la fẹ́ fi í ṣe?

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. N kò ní bá yín jiyàn lórí òrùlé yàrá tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti yí padà. Wọ́n ń gbé gbọ̀ngàn ìjọsìn fún yín báyìí, wọ́n á ní kí ẹ má ri òpó kankan sí àárín rẹ̀. Igi tí ẹ ń rí rà ní Dei-Dei kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìrókò tó gbẹ dénú. Nígbà mìíràn ó tutù débi pé omi á máa yọ lẹ́nu ayùn, nígbà mìíràn ẹni tó tà á fún yín gan-an ò mọ orúkọ rẹ̀. Orí igi kan àti ìwọ̀n kan ni ìrírí yín dúró lé. Tí igi bá yí padà, tí ìwọ̀n náà tún yí padà, ó yẹ kí ẹ ní ẹlẹ́rìí kejì kí ẹ tó gun òkè.

Ṣé ìṣirò sikúrúù yàtọ̀ sí ti ìṣó?

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ẹrù ti ń tì í, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Eurocode 5, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún iṣẹ́ igi, ní kí a ṣírò sikúrúù tí kò nípọn ju 6 mm lọ bí ìṣó, kí a sì ṣírò èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ bíi bóòtù. Ìgbà tí ẹrù bá fẹ́ fà á yọ ni ìyàtọ̀ máa ń hàn. Eyín sikúrúù ti bu igi jẹ, kò rọrùn láti fà jáde. Nítorí náà, bí oríkèé ṣe ń sún tí sikúrúù sì ń tẹ̀, ńṣe ló ń fa igi méjèèjì mọ́ra bí okùn. Ìlànà náà gbà kí a ka fífà yìí kún agbára sikúrúù títí á fi tó 100% ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀. Fún ìṣó róbótó, 15% péré ni.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú igi nígbà tí ẹrù bá dé?

Ẹ wá oríkèé kan tó ti já, kí ẹ fi ayùn la igi náà lẹ́bàá sikúrúù, kí ẹ sì ṣí i. Ẹ máa rí i pé sikúrúù náà ò tẹ̀ ní ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé. Ibi méjì ló ti tẹ̀, ọ̀kan nínú igi àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú igi kejì, ó wá dà bíi lẹ́tà S tí wọ́n fà gùn. Láàárín ibi méjèèjì yẹn, igi tó wà níwájú irin ti fọ́ mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, èékánná lásán á sì họ ọ́ kúrò. Ihò náà ò róbótó mọ́, ó ti gùn sí apá ibi tí ẹrù ti fà á.

Ará Denmark kan, K. W. Johansen, kọ ìṣirò ohun tí ẹ rí yìí jáde ní 1949, òun náà ló sì wà nínú Eurocode 5 títí dòní. Ó ní igi lè fọ́ nìkan, sikúrúù lè tẹ̀ ní ibi kan pẹ̀lú igi tó fọ́, ó sì lè tẹ̀ ní ibi méjì. Ẹ ṣírò gbogbo ọ̀nà tó lè gbà já. Èyí tí ẹrù rẹ̀ kéré jù ni oríkèé náà máa gbà já. Àwòṣe kọ̀ǹpútà tó dáa gbọ́dọ̀ fi S yẹn hàn láìjẹ́ pé ẹ yà á fún un. Tí igi yín bá nípọn dáadáa, síbẹ̀ tí sikúrúù inú àwòṣe dúró gbọọrọ títí oríkèé fi já, ẹ padà lọ yẹ ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ wò.

Ẹ fi nọ́ńbà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú sikúrúù tí ọrùn rẹ̀ tó jọ̀lọ̀ nípọn tó 5 mm, tí ọrùn náà wọ igi kejì tó 20 mm, tí irin rẹ̀ sì lè gba 600 N/mm² kó tó já. A fi so igi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 50 mm, a sì ti lu ihò sílẹ̀ fún un. Ká kọ́kọ́ lo arère tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 380 kg/m³, ká tún lo ìrókò tó jẹ́ 640.

Ohun àkọ́kọ́ ni bí igi ṣe ń kọ̀ fún sikúrúù láti tẹ ara rẹ̀ fọ́. Ìlànà ní ká fi 0.082 lọ́po (1 − 0.01d), ká tún fi ìwúwo lọ́po rẹ̀; d ni bí ọrùn sikúrúù ṣe nípọn tó ní mm, ìyẹn 5. Arère á fún wa ní bíi 29.6 N/mm², ìrókò bíi 49.9. Ohun kejì ni bí sikúrúù ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀: nǹkan bíi 11,800 N·mm, bákan náà nínú igi méjèèjì, torí irin ò yí padà. Tí a bá kó wọn sínú ìṣirò Johansen fún títẹ̀ ibi méjì, láìtíì ka fífà okùn mọ́ ọn, sikúrúù kan á gba bíi 1.9 kN nínú arère, á gba bíi 2.4 kN nínú ìrókò. 1 kN, ìyẹn 1,000 N, sún mọ́ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ibi tí sikúrúù ti máa tẹ̀ á jìn sí ojú ìpàdé tó nǹkan bíi 13 mm nínú arère, 10 mm nínú ìrókò.

Wàyí o, ẹ wo sísún. Ìlànà kan náà ní ká fi ìwúwo lọ́po gbòǹgbò onígun méjì rẹ̀, ká fi d lọ́po rẹ̀, ká wá fi 23 pín in. Arère: bíi 1,600 N kó tó sún 1 mm. Ìrókò: bíi 3,500 N.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni òrùlé tó ń tẹ̀ kọ́dọ̀ láìwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrókò fi 30% lágbára ju arère lọ, àmọ́ líle rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ká ní sikúrúù mẹ́ta ni wọ́n yà sí oríkèé ìrókò, káfíńtà ò rí ìrókò rà, ó lo arère, ó sì fi sikúrúù kan kún un. Ní ti ẹrù tí oríkèé máa gbé, ó ti ṣe é dọ́gba: mẹ́rin nínú arère tó mẹ́ta nínú ìrókò. Ní ti sísún, ó nílò méje kó tó dọ́gba. Òrùlé náà ò ní wó, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ á rọ̀, páànù á máa gbá omi jọ, sílíìnì á sì là. Èèyàn á wá máa dá ẹni tó ta páànù lẹ́bi.

Ṣé igi tó wúwo ló wá dáa jù nígbà gbogbo?

Rárá o. Igi líle máa ń là. Eurocode 5 ní ká lu ihò fún gbogbo sikúrúù tó bá máa wọ irú igi líle báyìí: ihò ọrùn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ọrùn náà, ti ibi eyín á sì jẹ́ bíi 70% rẹ̀. Fún sikúrúù wa, ìyẹn 5 mm àti 3.5 mm. Láti sikúrúù dé ẹnu igi níbi tí ẹrù ti ń fà á, ẹ fi àyè tó 60 mm sílẹ̀. Láàárín sikúrúù kan sí èkejì ní gígùn iṣan igi, 25 mm ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò. Ìrókò gan-an máa ń ní òkúta nínú, ẹfun líle tó ń dì sínú igi náà, ó sì ń ba ẹnu dírìlì jẹ́. Ẹ ra ẹnu dírìlì tó pọ̀ tó, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ owó iṣẹ́.

Kí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà gbọ́: àwòṣe tí kò ní ibi tí igi ti lè là nínú kò ní fi lílà hàn yín láé, kódà kí sikúrúù yín wà ní 10 mm sí ẹnu igi.

Owó sọ́fítíwíà ńkọ́? Abaqus àti ANSYS ju agbára mi lọ.

Ẹ má ra wọ́n. CalculiX àti Code_Aster jẹ́ ọ̀fẹ́, FreeCAD tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà sì lè bá yín ya oríkèé kó sì gbé e fún CalculiX. OpenSees, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, dára gan-an fún gbogbo férémù òrùlé lápapọ̀.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti ya igi rárá. Ẹ ya sikúrúù nìkan bí ọ̀pá tó lè tẹ̀, kí ẹ gé e sí ẹyọ 2.5 mm, kí ẹ wá fi spíríǹgì rọ́pò igi tó yí i ká lójú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sikúrúù tó gùn tó 100 mm á fún yín ní ẹyọ ogójì. Nínú àpẹẹrẹ ìrókò wa, spíríǹgì kọ̀ọ̀kan á le títí dé bíi 624 N, á wá dúró síbẹ̀, torí igi ti ń fọ́. Ẹ rí i dájú pé spíríǹgì náà ń tì nìkan, kì í fà: igi tó ti fọ́ ò lè fa irin padà. Ẹ fi spíríǹgì mìíràn sí i ní gígùn fún dídì mú eyín. Láptọ́ọ̀pù àlòkù á parí rẹ̀ kí iná tó lọ, S tí mo sọ lókè á sì jáde lójú yín. Tí ẹ bá gbà kí àwòṣe náà ka títẹ̀ ńlá, fífà okùn á yọjú fúnra rẹ̀.

Èmi máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fò ó, tó lọ bá àwòṣe ńlá tó ní igi, irin àti ìfarakínra pọ̀, kì í mọ èyí tó ń purọ́ fún un nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé kí n ya eyín sikúrúù?

Ẹ má ya á, àyàfi tó bá jẹ́ pé eyín gan-an lẹ ń ṣèwádìí. Ẹ fi ọ̀pá jọ̀lọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fún ojú ibi tó ti kan igi ní agbára dídì mú tí ẹ wọ̀n.

Nọ́ńbà wo ni mo máa kọ fún igi? Ìwé tí mo rí, igi òyìnbó ló wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Igi kì í ṣe irin; bó ṣe le ní gígùn iṣan rẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ìdábùú. Nítorí náà àwòṣe tó ya igi ní kíkún máa béèrè nọ́ńbà mẹ́sàn-án fún líle nìkan: mẹ́ta fún fífà àti títẹ̀ mọ́ra, mẹ́ta fún yíyẹ̀, mẹ́ta fún bí igi ṣe ń tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́ tí a bá fà á. Ẹni tó bá da nọ́ńbà páìnì ilẹ̀ Yúróòpù kọ fún ọ̀pẹ̀pẹ̀ ti ṣe ìṣirò oríkèé ẹlòmíràn.

Èyí tí ẹ lè wọ̀n fúnra yín ni ìwúwo, òun ló sì ń darí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Ẹ gé 200 mm lára túù-báì-fọ́ọ̀. Tó bá jẹ́ 50 sí 100 mm lóòótọ́, ohun tí ẹ gé jẹ́ lítà kan gẹ́lẹ́: iye gíráàmù tí òṣùwọ̀n ilé ìdáná bá pè ni ìwúwo rẹ̀ ní kg/m³. Àmọ́ ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n ná, torí túù-báì-fọ́ọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà pé. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú ààrò oníná ní 103°C títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní já mọ́. Tó bá jẹ́ 720 gíráàmù tẹ́lẹ̀ tó wá di 640, omi inú rẹ̀ jẹ́ 12.5%. Ẹ wọ̀n ju ẹyọ kan lọ, láti ara pákó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó fúyẹ́ jù darí yín.

Fún orúkọ igi tí kò dá yín lójú, FRIN, ilé ìwádìí ìjọba lórí igbó àti igi ní Ìbàdàn, ni ibi tó yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ìlànà Nàìjíríà, NCP 2 ti 1973, náà pín igi ilẹ̀ wa sí ìpele agbára; ẹ wò ó kí ẹ tó wo ti ilẹ̀ òkèèrè.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ṣé àwòṣe ń rí i?

Kò ní rí i tí ẹ kò bá fi hàn án, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ba oríkèé jẹ́ jù lápá òkè yìí nìyẹn, lójú tèmi. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní 80%, omi inú igi á máa lọ sí bíi 16%. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ já sí 20%, igi kan náà á máa lọ sí 4 tàbí 5%. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì ní gígùn. Ìdábùú ló ti ń sún kì. Ìrókò tó tutù tó wá gbẹ pátápátá ń dín ní bíi 3.8% ní apá tó tẹ̀lé òrùka inú rẹ̀. Láti 16% sí 5% omi, ìyẹn jẹ́ bíi 1.4%. Tí ẹ bá fi irin pẹlẹbẹ kan de igi náà, tí ìlà sikúrúù méjì sì jìnnà síra ní 100 mm ní ìdábùú, igi fẹ́ sún 1.4 mm, irin ò jẹ́ kó sún. Igi á là lẹ́bàá ìlà sikúrúù kan, ẹrù kankan ò sì tíì dé orí rẹ̀.

Nínú àwòṣe, ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ lo ohun tí sọ́fítíwíà ní fún ìgbóná àti ìtutù. Ẹ kọ ìwọ̀n sísúnkì sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè bí nǹkan ṣe ń fẹ̀ nínú ooru, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gígùn àti ìdábùú, kí ẹ wá mú igi náà tutù títí sísúnkì yẹn á fi pé. Ẹ gbé ẹrù lé e lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ṣáájú. Lórí iṣẹ́ gan-an, ẹ ra igi ṣáájú, kí ẹ tò ó sábẹ́ ibòji kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ihò inú irin pẹlẹbẹ ní gígùn níbi tí igi ti máa sún.

Sikúrúù dúdú tí wọ́n fi ń de bọ́ọ̀dù sílíìnì wà lọ́wọ́ wa, ó sì pọ́ọ́kú. Ṣé a lè fi so igi òrùlé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n ti mú irin rẹ̀ le gan-an, kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ lókè, S náà àti ìṣirò 1949, dúró lórí irin tó lè tẹ̀ kó má ṣẹ́. Ẹ lè dán an wò: ẹ fi fáìsì di ìdajì rẹ̀ mú, kí ẹ fi òòlù lu ìdajì kejì. Sikúrúù tó yẹ igi òrùlé á tẹ̀ dáadáa kó tó já. Èyí dúdú á fò níbi tí fáìsì ti dì í mú. Ẹ bo ojú yín.

Kọ̀ǹpútà ò ní kìlọ̀ fún yín. Tí ẹ bá kọ irin tó ń tẹ̀ fún un, ó máa tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe ń mú àwọ̀n àwòṣe mi (àwọn ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà gé e sí) kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ipá tó pọ̀ jù ń ga sí i, kò dúró. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Etí ihò níbi tí igi méjèèjì ti pàdé lẹ ń wò, ibi tó mú ṣóńṣó. Nínú ìṣirò, ipá ibi ṣóńṣó kò lópin. Ẹ má ka nọ́ńbà yẹn rárá. Ẹ fi ìlà ẹrù àti sísún wé ara wọn láti àwọ̀n kan sí èkejì. Tí ìlà náà ò bá yí padà mọ́, àwọ̀n yín ti tó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwòṣe mi sọ òótọ́?

Ẹ kan oríkèé kan gan-an, kí ẹ gbé ẹrù lé e, kí ẹ sì wọ̀n sísún rẹ̀. ISO 6891, ìlànà àgbáyé fún dídán oríkèé igi wò, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ fojú díwọ̀n ẹrù tó máa já a, ẹ gbé e dé 40%, kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ dá a padà sí 10%, kó tún dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá gbé e lọ títí á fi já tàbí tí á fi sún 15 mm. Tí ẹ kò bá rí ẹ̀rọ yunifásítì lò, àpò sìmẹ́ńtì 50 kg tí ẹ fi rọ̀ sórí ọ̀pá gígùn àti kálípà tún lè sọ òótọ́ púpọ̀ fún yín, bí ẹ bá ti fi nǹkan gbé ọ̀pá náà kó má bàa já lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ kọ ohun tí àwòṣe sọ sílẹ̀ kí ẹ tó dán an wò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé mo lè gbé 2.4 kN yẹn lọ sórí iṣẹ́ báyìí?

Rárá. Ẹrù tó máa já a nìyẹn, nínú igi tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ti àárín. Fún ẹrù tó máa wà lórí rẹ̀ títí ayé, Eurocode 5 ní kí ẹ fi 0.6 lọ́po rẹ̀, kí ẹ sì fi 1.3 pín in, ìyẹn lórí ìwúwo tó kéré, kì í ṣe ti àárín. Ó já sí pé ohun tí ẹ máa gbé lé sikúrúù kan ò tó ìdajì. Tí gbọ̀ngàn náà bá ti máa gba èrò, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, ìgbìmọ̀ tó ń fún ẹnjiníà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, yẹ ìṣirò náà wò kó sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó gé igi àkọ́kọ́.